Ẹ má dúró sí ìpele kìíní ní Olúmirin o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé Ẹ̀rìn-Òkè, òkè gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí igbó bò látìdí dórí, inú ẹ̀ ni omi Olúmirin ti ń já bọ̀. Ẹ yà kúrò ní títì, kò tiẹ̀ jìnnà rárá, ẹ ti dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ń gba ọ̀nà yìí lọ bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà ní yunifásítì tí wọn ò yà síbẹ̀ rí, ó máa ń dùn mí gan-an ni.

Ká sòótọ́, ooru ibẹ̀ le. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó lẹ́nu géètì tẹ́ ẹ wọnú igbó, atẹ́gùn á kàn dúró sójú kan, ewé kan ò ní mì, àwọn igi ńlá ti forí korí lókè débi pé oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ ríbi wọlé àmọ́ ooru ò lọ síbì kankan, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn látorí wá sí ẹ̀yìn ọrùn, ẹ ó nù ún nù ún títí á fi sú yín. Etí ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ti sún mọ́lé. Á máa ṣe hòòò láìdákẹ́, á sì máa pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, àfi lójijì tí atẹ́gùn tútù kan bá fẹ́ sí yín lójú. Háà, ẹ̀mí mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀ yẹn! Omi tó ń já látòkè ló ń ti atẹ́gùn yẹn wá, bó ṣe ń lu àpáta ló ń fọ́ sí wínníwínní, wínníwínní yẹn náà bó ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gba ooru ibẹ̀ lọ. Ẹni tó ń làágùn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ara ẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí.

Ìpele 7 ni omi yìí ní. Ìpele kìíní ló rọrùn jù, wọ́n ti fi símẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé máa ń kún sí, pàápàá lásìkò Kérésì àti Iléyá. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n gbé wá, ó parí, wọ́n ti ń lọlé. Ibẹ̀ náà rẹwà lóòótọ́, omi funfun báláú tó ń tú sílẹ̀ lára òkúta dúdú, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ mọ, ẹ ò tíì mọ Olúmirin.

Ọmọkùnrin tó mú wa gòkè, ọmọ ìlú yẹn ni, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sìlípáàsì yẹn, ẹsẹ̀ lásán gan-an sàn jù ú lọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ní, "Ẹ ṣáà bọ́ ọ ná, mà á bá yín gbé e dání." Òótọ́ ló sọ, nítorí bẹ́ ẹ bá ṣe ń gòkè sí i, gbòǹgbò igi lẹ máa dì mú tẹ́ ẹ fi máa gun ibòmíì, àwọn òkúta tó wà lẹ́bàá omi sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pe òkúta yẹn ní quartzite, ó le gan-an, omi ò tètè rí i jẹ, òun náà ló sì lọ títí wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì.

Nǹkan kan wà tí mo rí lókè lọ́hùn-ún tí mi ò lè gbàgbé. Níbi tí omi ti rọra tẹ́ sórí iyanrìn díẹ̀, àwọn labalábá pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, wọ́n pa ìyẹ́ dé, wọ́n na ẹnu wọn tín-ín-rín sínú iyanrìn tútù, iyọ̀ inú ẹ̀ ni wọ́n ń fà mu. Mo lóṣòó tì wọ́n, wọn ò sá. Ọ̀kan bà lé mi lọ́rùn ọwọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá òógùn mi, mi ò lè mira, bẹ́ẹ̀ ni mo dúró títí ó fi fò lọ fúnra ẹ̀.

Ìtàn ìlú sọ pé Akinla, ọmọ ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló tẹ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó, nínú ìrìn àjò yẹn sì ni wọ́n ti bá omi yìí pàdé, wọ́n ní ọdún 1140 ni. Wọ́n ń bọ ọ́, wọ́n ń ṣe ọdún ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lásán.

Tẹ́ ẹ bá dé òkè téńté, abúlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àbákẹ́, àwọn èèyàn ń gbé lókè yẹn o. Ìsàlẹ̀ náà sì rèé, ìlú ló wà níbẹ̀. Omi kan náà ló ń ṣàn kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń bí mi nínú tí mo bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike kóòkì tó há sáàárín òkúta, torí ẹni tó jù ú síbẹ̀ ti wọ mọ́tò lọ, òun ò ní bu omi yẹn mu. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ bá gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rá tó ti ṣófo kì í wúwo.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró, bíi ìparí October sí November, omi ṣì pọ̀, ọ̀nà sì ti ń gbẹ díẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gidi, omi máa ń fà. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ tètè dé àárọ̀, ẹ wọ káńfáàsì tó ń di ilẹ̀ mú, kẹ́ ẹ sì wá ọmọ ìlú kan kó mú yín gòkè, ẹ fún un lówó tó jọjú. Tó bá sì ṣì kù lára yín, Ìkògòsí tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tìyẹn á di ọjọ́ mìíràn.