Kíkun ọmọ ogun Las Navas de Tolosa ní mílímítà 28

Ẹni tó bá fẹ́ kó ère ọmọ ogun Sípéènì ayé àtijọ́, àwọn kéékèèké tí gíga wọn tó mílímítà 28, jọ sórí tábìlì, ọdún ogun ni kó kọ́kọ́ mú kó tó náwó. Ayé El Cid, jagunjagun Castile tó kú ní 1099, kò bá ti ogun Nájera ní 1367 mu rárá: àṣíborí yàtọ̀, asà yàtọ̀, àsíá yàtọ̀. Las Navas de Tolosa, ọjọ́ 16 oṣù Keje 1212, ni mo mú níbí. Ọba mẹ́ta, Alfonso Kẹjọ ti Castile, Pedro Kejì ti Aragon àti Sancho Keje ti Navarre, ló para pọ̀ dojú kọ Muhammad al-Nasir, kálífà àwọn Almohad, ìyẹn ìjọba Mùsùlùmí kan. Ẹ má ra ará Faransé púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ti padà sílé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Àsíá ló máa ń tú àṣírí. Èyí tó pín sí mẹ́rin, ilé olódi méjì, kìnnìún méjì, kò ì tíì sí nígbà yẹn. Ọdún 1230 ni Fernando Kẹta so Castile àti León pọ̀, ọba León kò tilẹ̀ wá sógun yìí. Ilé olódi aláwọ̀ wúrà lórí pupa nìkan ni ti Alfonso. Ti Aragon ni ilà pupa mẹ́rin lórí wúrà. Ní ti Navarre, ẹ gbàgbé ẹ̀wọ̀n tó wà lórí àsíá rẹ̀ lónìí: ẹyẹ idì ló wà lórí èdìdì Sancho, idì dúdú ni kí ẹ kùn. Calatrava àti Santiago jẹ́ ẹgbẹ́ ajagun onísìn. Aṣọ funfun ni ti Calatrava, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kẹrìnlá ni àgbélébùú pupa wọn tó dé. Santiago ni kí ẹ fún ní idà pupa.

Tó bá jẹ́ ère irin rírọ̀ lẹ rà, ìlà tí mọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n da irin sí láti fi ṣe ère, fi sílẹ̀ máa ń gba orí àṣíborí àti ẹsẹ̀ ẹṣin kọjá. Ẹ fi fáìlì wẹ́wẹ́ ha á kúrò, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n fi ń yọ ère nínú mọ́ọ̀dù ṣì wà lára rẹ̀, òun ló ń mú kí ọ̀dà bó. Ẹ fọwọ́ yín náà kí ẹ tó jẹun. Òjé lè wà níbẹ̀.

Ọ̀kọ̀ tó bá ère wá kò wúlò. Ó máa ń tẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ń tọ́ ọ léraléra, á dá. Ẹ gé e dànù, kí ẹ fi wáyà idẹ mílímítà 1 rọ́pò rẹ̀. Ère yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 60 ènìyàn, nítorí náà ọ̀kọ̀ ẹlẹ́ṣin tó gùn ní mítà 3 sí 3.5 á jẹ́ mílímítà 50 sí 58. Èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ ń jù kò ní ju 25 lọ. Ẹ fi òòlù tẹ́ ẹnu wáyà náà pẹrẹsẹ, kí ẹ fi fáìlì gbẹ́ ẹ ṣóńṣó. Kí ẹ tó dá ihò sí ọwọ́ ère, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin ìdáhò á yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka á sì fọ́.

Ẹ̀wù irin kò gba fàdákà látòkèdélẹ̀. Ẹ kun dúdú, kó gbẹ dáadáa. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì líle bọ fàdákà, kí ẹ nù ún sára bébà títí tí kò fi ní fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, kí ẹ wá máa fi pa ẹ̀wù náà fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bó bá ṣì tutù, ọ̀dà á dí ojú gbogbo òrùka. Búrọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́ ló dára jù fún un, ẹ má jù ú nù.

Ọ̀dà ìyeyè tí a fi ń ya wúrà lórí pupa máa ń ṣú, torí ìyeyè kì í bo nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ fi funfun ya ilé olódi náà, kí ìyeyè tó gorí rẹ̀.

Àwọn òpìtàn sọ nípa àwọn ẹ̀ṣọ́ adúláwọ̀ tó yí àgọ́ kálífà ká. Ibí ni ọ̀pọ̀ akunère ti ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n: wọ́n á da dúdú lé wọn lójú, imú, ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan. Ta ló dúdú báyẹn? Búráwùn dúdú ni ìpìlẹ̀. Ẹ fi búráwùn tó pọ́n bí osùn lé e, kí ẹ wá fi díẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ kan orí imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka. Ẹ má po funfun mọ́ ọn, ó ń sọ awọ di eérú. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ẹ má gbàgbé.

Ẹlẹ́sẹ̀ gba pèpele ìdúró tó fẹ̀ ní mílímítà 25, ti ẹlẹ́ṣin fẹ̀ ní 25, ó sì gùn ní 50. Fáníìṣì tí kì í dán ni kí ẹ fi bò ó, ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ kọ́, nítorí ọ̀rinrin ń sọ ọ́ di kùrukùru funfun. Fáníìṣì yìí ń pa dídán fàdákà, nítorí náà ẹ tún fi fàdákà kan ẹ̀wù irin àti idà lẹ́yìn tó bá gbẹ.