Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹ̀rọ Ìgébébà

Ó ti lé ní ọdún 14 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń gé bébà ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ti ọmọ iṣẹ́ kan tí ó wà lọ́dọ̀ wa kò pé mọ́, èmi ni mo sì tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọwọ́ méjèèjì ni ó sì yẹ kí a fi tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ọ̀bẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni, iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ti kún ilẹ̀, ọ̀gá sì pàṣẹ pé kí a fi téèpù de bọ́tìnnì apá òsì mọ́lẹ̀, kí n lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún gé, kí n sì máa fi tòsì fa bébà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti pẹ́, kò lè mọ̀ pé a ti de bọ́tìnnì kan. Àwọn ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀, àfi kí a tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gé òmíràn. N kò jiyàn, nítorí pé iṣẹ́ ń yá. Lóru ọjọ́ kejì, ọmọ náà, tí ó ń kó èérún bébà kúrò lórí tábìlì, rí i pé etí ìdì kan kò gún, ó sì na ọwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ojú mi wà lára ìwọ̀n. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, "Ẹ̀gbọ́n!", ó sì jókòó sílẹ̀. Orí ìka méjì ni ó lọ.

Kì í ṣe láti fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni wọ́n ṣe fi bọ́tìnnì méjì jìnnà síra. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ wa méjèèjì ní ibi tí wọn yóò wà nígbà tí ọ̀bẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ni èyí ń dáàbò bò, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń gbà láàyè nídìí ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Ẹ má sì fojú di irin tí ó ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ kí ọ̀bẹ tó dé: kò mú, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ egungun ọwọ́. Pákó kékeré ni kí ẹ máa fi ti bébà kí ó gún, kì í ṣe ìka.

Ní àràárọ̀, kí n tó gbé bébà kankan sórí ẹ̀rọ tí a ń lò báyìí, n óò kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn náà n óò jẹ́ kí ọ̀bẹ máa sọ̀kalẹ̀ lófìfo, n óò sì tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Ó gbọdọ̀ dúró. Páálí gígùn ni mo fi ń dán iná ààbò iwájú rẹ̀ wò, ìyẹn iná tí ó ń dá ọ̀bẹ dúró bí nǹkan kan bá gba ibẹ̀ wọlé; n kì í fi ọwọ́ dán an wò. Bí ọ̀kan bá kùnà, a kì í gé nǹkan kan títí ẹni tí ó ń tún un ṣe yóò fi dé, oníbàárà ìbáà máa bínú.

Pípààrọ̀ ọ̀bẹ ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, ọkàn ẹni sì ti balẹ̀. A máa ń de ọ̀bẹ mọ́ pákó rẹ̀ kí ó tó kúrò lára ẹ̀rọ, inú àpótí rẹ̀ ni a sì ń gbé e sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ń já bọ́, kí ẹ sá fún un, ẹ má gbá a mú.

Bí NEPA bá sì mú iná lọ nígbà tí bébà há, ẹ má yára na ọwọ́ sí i. Àgbá irin inú ẹ̀rọ ṣì lè máa yí fún ìgbà díẹ̀, ẹlòmíràn sì lè tan jẹnẹrétọ̀ láìsọ fún yín. Èmi a máa pa ẹ̀rọ, n óò yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò mi, n óò sì dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dákẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án.