Ibi Tí Ẹja Yóò Sùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ táǹkì gíláàsì omi oníyọ̀ tí ẹ ó sin ẹja sí, tó ní iyùn abẹ̀mí nínú, ohun tí ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye ẹja tí táǹkì lè gbà. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, níbo ni ẹja kọ̀ọ̀kan máa sùn? Nínú táǹkì kékeré, ihò ló ń dá ìjà sílẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ẹja tó bá ti gba pàlàpálá òkúta kan kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn forí pamọ́ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n lé yóò wá máa rábàbà ní igun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, lẹbẹ rẹ̀ á ya, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ mọ́, àìsàn á sì ráyè wọlé. Ẹni tó ni táǹkì á ní omi ló pa á. Torí náà, ẹ ka ihò ná, kí ẹ tó ka lítà.

Ẹ jẹ́ ká mú táǹkì lítà 75, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta ló gbà, àmọ́ bí ẹ bá ti da iyanrìn sí i, tí ẹ to òkúta bíi kílò 8, omi tó máa wà níbẹ̀ kò ju lítà 60 sí 65 lọ. Ẹja kéékèèké mẹ́rin ti tó. Bí ẹja ṣe máa tóbi tó nígbà tó bá dàgbà ni kí ẹ sì fi ṣe ìṣirò, ẹ má wo bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù. Blue tang tí wọ́n ń tà nígbà tí kò ju àtàǹpàkò lọ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìdajì táǹkì yín nìyẹn. Yellow tang náà ń tó 20. Àyè tí wọ́n á ti máa sáré ni àwọn méjèèjì ń fẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ní táǹkì ńlá.

Ọ̀rọ̀ omi kò ní gùn níbí. Iyọ̀ táǹkì bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, kí refractometer (ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi) ka 1.025 tàbí 1.026; ooru 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius; amóníà 0, nitrite 0 (májèlé méjì tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá). Ẹja kankan ò gbọdọ̀ wọlé títí àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí á fi wà ní 0, ó sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà tó ń jẹ wọ́n tó pọ̀ tó. Bí omi bá fà, omi lásán tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi kún un, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ dín ẹja mẹ́rin yẹn kù sí mẹ́ta. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra bíi ti tútù, bí iná bá sì lọ tí pọ́ǹpù dúró, afẹ́fẹ́ inú omi á máa tán kíákíá. Ẹ ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nílé kí ẹ tó ní ẹja. Fáànù tí ẹ bá kọjú sójú omi máa ń mú un tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti kún fún omi.

Ó kù kí a pín ilé. Ipele mẹ́ta ló wà nínú táǹkì: iyanrìn nísàlẹ̀, ara òkúta, àti omi gbalasa láàárín. Ẹ mú ẹja kan, tàbí takọtabo kan, fún ipele kọ̀ọ̀kan.

Nísàlẹ̀, yellow watchman goby ni mo fẹ́ràn jù, òun àti edé tí wọ́n ń pè ní tiger pistol shrimp. Ihò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Edé yìí kò ríran dáadáa, àmọ́ akọ́lé ni: tọ̀sán-tọ̀sán ló ń gbẹ́ iyanrìn jáde. Goby ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Edé á fi ìwo rẹ̀ tín-ín-rín kan lé ara goby, bí goby bá sì gbọn ìrù, àwọn méjèèjì á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo àǹfààní tó wà níbẹ̀: ẹja tó ní ihò tirẹ̀ nínú iyanrìn kò ní bá ẹnikẹ́ni du ihò inú òkúta. Iyanrìn náà gbọdọ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ da àfọ́kù iyùn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí ihò má baà máa wó. Ohun tó ń bàjẹ́ jù níbí ni òkúta. Bí ẹ bá to òkúta sórí iyanrìn, edé á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, òkúta á ya lulẹ̀, ó lè pa goby, ó sì lè fọ́ gíláàsì. Orí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an ni kí òkúta jókòó lé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da iyanrìn yí i ká. Bí yellow watchman bá tóbi jù lójú yín, yasha goby kéré jù ú lọ, edé Randall's pistol ni kí ẹ sì fi tì í.

Lára òkúta, royal gramma. Kì í ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, Òkun Karibéánì ló ti wá. Bí ẹ bá rí i tó dorí kodò lábẹ́ òkúta, ara rẹ̀ le, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra o, ẹja kan wà tó jọ ọ́ bí ìbejì: royal dottyback, ará Òkun Pàsífíìkì. Iwájú méjèèjì jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ẹ̀yìn wọn sì dà bí pupa inú ẹyin adìẹ. Ẹ wo ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ti gramma máa ń wọnú ara wọn díẹ̀díẹ̀, ó sì ní àmì dúdú kan lára lẹbẹ tó wà lókè ẹ̀yìn rẹ̀. Ti dottyback dá gééré bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Ìkà ni dottyback nínú táǹkì kékeré. Kí a máà sọ ti ẹni tó kó àwọn méjèèjì pọ̀: ọba kì í pé méjì láàfin, pàápàá bí wọ́n bá wọ aṣọ kan náà. Òfin náà sì kan gbogbo ẹja: bí ìrísí, àwọ̀ àti oúnjẹ ẹja méjì bá ṣe jọra tó, bẹ́ẹ̀ ni ìjà wọn á ṣe le tó.

Láàárín omi, ocellaris clownfish méjì. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá kéré. Èyí tó bá tóbi jù, tó sì jẹ gàba lórí èkejì, ló ń di abo, kò sì lè padà di akọ mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọdọ̀ ra kékeré méjì, kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ díẹ̀. Bí ẹ bá mú ńlá méjì láti táǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣeé ṣe kí abo ni méjèèjì, wọ́n á sì jà dójú ikú. Ẹ má fi ìkẹta kún un, ẹ má sì fi ẹ̀yà clownfish mìíràn tì í, pàápàá maroon clownfish, tó jẹ́ alágídí. Wọn ò nílò anemone (ẹran òkun tó dà bí òdòdó, tí clownfish máa ń fi ṣe ilé nínú òkun) rárá láti wà láyé. Nínú táǹkì tuntun, anemone máa ń rìn kiri títí pọ́ǹpù á fi fà á ya, bó bá sì kú, ó lè ba omi jẹ́ mọ́ gbogbo èyí tó kù lára. Ẹ jẹ́ kí táǹkì pé ọdún kan ná. (Ẹni tó bá ń rò pé òun á rí clownfish lọ́wọ́ àwọn apẹja Èkó, kó má da ara rẹ̀ láàmú: kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo Òkun Àtìláńtíìkì.)

Bí ẹ ò bá fẹ́ clownfish, firefish náà dára láàárín omi. Ojora ẹja ni, ó máa ń fò jáde bí ìlẹ̀kùn bá kàn dún gbà. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ ni kí ẹ fi bo táǹkì, kí ẹ sì dí ibi tí wáyà gbà kọjá. Ẹyọ kan ni kí ẹ rà, àfi tí ẹ bá rí takọtabo tó ti ń gbé pọ̀.

Àwọn tí ẹ máa sá fún pọ̀. Six-line wrasse máa ń dáa fún oṣù díẹ̀, tó bá ti mọ ilé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ẹja tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Domino damsel kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ táǹkì. Ẹ má gbà: amóníà inú ìgò, tí ẹ bá dà sómi kí ẹja tó wọlé, lè bọ́ bakitéríà dípò rẹ̀, damsel sì máa di onílé tí ẹ ò ní rí lé jáde. Green chromis, wọ́n á ní ó ń rìn lágbo, kí ẹ ra márùn-ún. Nínú lítà 75, wọ́n máa ń pa ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku ẹyọ kan. Mandarin ò bá ẹnikẹ́ni jà, ebi ló ń pa òun. Kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ń pè ní copepod ló ń ṣà jẹ láti àárọ̀ di alẹ́, táǹkì kékeré kò sì lè bí i tó. Hawkfish á jẹ edé yín. Copperband butterflyfish máa ń já iyùn kan jẹ. Lionfish á gbé ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀ mì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fún ẹja náà lóúnjẹ lójú yín. Èyí tí kò bá jẹun níbẹ̀, ẹ má san owó rẹ̀. Ẹ wo ikùn tó bá fà wọnú, èémí tó ń yára jù, àti àmì funfun bí hóró iyọ̀ lára. Bí ẹ bá gbé e délé, ọ̀sẹ̀ 4 nínú àpótí lítà 40 lọ́tọ̀, pẹ̀lú fílítà kànrìnkàn àti páìpù ike tó máa sá wọ̀. Oògùn oníbàbà, inú àpótí yẹn nìkan ló gbọdọ̀ wọ̀. Bàbà ń pa edé, ìgbín àti iyùn.

Ẹja tó lójora jù ni kó kọ́kọ́ wọ táǹkì, alágídí ni kó kẹ́yìn. Nínú ilé tí a kọ́ yìí, goby àti edé rẹ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì royal gramma, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn clownfish méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tún ń jẹ́ kí àwọn bakitéríà pọ̀ tó ìgbẹ́ tó ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹja tuntun bá fẹ́ wọlé, ẹ bọ́ àwọn onílé yó, ẹ pa iná táǹkì, ẹ fi àlejò sínú àpótí ike oníhò nínú táǹkì náà fún ọjọ́ 3 sí 5, kí wọ́n máa rí ara wọn láìlè fọwọ́ kan ara wọn.

Kí wọ́n máa lé ara wọn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò burú. Bí lẹbẹ bá ti ya, tí àlejò kò sì jẹun fún ọjọ́ méjì, alágídí ni kí ẹ mú, ẹ má mú ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹ má fi àwọ̀n lé e, ẹ máa wó gbogbo òkúta ni. Ẹ gé orí ìgò ike lítà 1.5, ẹ yí orí náà padà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sínú, ẹ lu ihò kéékèèké sí ara ìgò, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i kó má léfòó, ẹ fi mysis (edé tíntìntín tí ẹja ń jẹ) díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹ má fún táǹkì lóúnjẹ láti àná. Alágídí ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ fi í sínú àpótí oníhò yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún òkúta tò kí ihò rẹ̀ àtijọ́ má sí níbẹ̀ mọ́, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù.