Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Ọmọdé Nípasẹ̀ Eré, àti Bí Àgbà Ṣe Ń Kọ́ Láti Ṣíwọ́ Ìbéèrè

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kò sí ẹ̀kọ́ tí ó yí ọwọ́ tí mo fi ń mú iṣẹ́ padà tó ẹ̀kọ́ ìtọ́jú nípasẹ̀ eré, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní play therapy. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, nọ́ọ̀sì, dókítà ọpọlọ, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn àti olùdámọ̀ràn ní ilé-ìwé, ni wọ́n ń bi mí pé irú ẹ̀kọ́ wo ni, ta ni ó lè gbà á, àti pé ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Èrò àwọn kan ni pé bí ènìyàn bá ti ra ohun ìṣeré kún inú yàrá, tí ó sì jókòó ti ọmọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun ìṣeré ni ó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àgbàlagbà tí yóò jókòó ti ọmọ náà gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún, ibi tí ó sì ti le jù fún àwa tí a tọ́ dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ni kí á kọ́ bí a ṣe ń ṣíwọ́ ìbéèrè.

Ìdí tí a fi ń fi eré tọ́jú ọmọ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó rí i bí iná ṣe jó ilé wọn kò lè jókòó sórí àga kí ó máa to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan bí àgbà ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ilé kékeré bá wà níwájú rẹ̀, àti yanrìn, àti àwọn ènìyàn oníke, yóò fi ọwọ́ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí méjìlá ni a sábà máa ń lò ó fún. Anna Freud ní ìlú Vienna àti Melanie Klein, tí ó kúrò ní Berlin lọ sí London ní ọdún 1926, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú eré wọ inú ìtọ́jú ọkàn ọmọdé. Ní London kan náà ni Margaret Lowenfeld ti ṣí ilé ìtọ́jú ọmọdé ní ọdún 1928, tí ó kó àpótí yanrìn àti oríṣiríṣi ohun kéékèèké síbẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń fi wọ́n kọ́ ayé tiwọn. Ẹni tí ẹ̀kọ́ tí èmi gbà dúró lé lórí jù ni Virginia Axline, ará Amẹ́ríkà tí ó tẹ̀lé ipa ọ̀nà Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn tí ó gbà pé ẹni tí a ń tọ́jú ni yóò máa ṣíwájú, tí ó sì tẹ ìlànà mẹ́jọ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1947.

N kò ní í ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Díẹ̀ nínú wọn ni pé kí olùtọ́jú gba ọmọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà, kí ó mọ ohun tí ọmọ ń rò lọ́kàn kí ó sì sọ ọ́ padà fún un kí ọmọ lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó má ṣe kán ìtọ́jú náà lójú, àti pé ọmọ ni yóò máa ṣíwájú tí olùtọ́jú yóò sì máa tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá kà á lórí bébà yóò ní kò sí ohun tí ó le níbẹ̀. Ìlànà tí ó kẹ́yìn yẹn, pé kí ọmọ ṣíwájú, ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò ẹ̀kọ́ wa.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ni pé a ó ká iṣẹ́ sínú fídíò, pẹ̀lú àṣẹ òbí tí ó fọwọ́ sí ìwé, a ó sì jókòó wò ó pẹ̀lú alábòójútó. Nínú ọ̀kan tí n kò lè gbàgbé, nọ́ọ̀sì kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jókòó sórí ẹní, ọmọbìnrin kan sì wà níwájú rẹ̀ tí ó ń da yanrìn sínú ìkòkò oníke. Ọmọ náà fi ṣíbí ro ó, ó gbé e kalẹ̀, ó tún bu yanrìn sí i, ó fa ọmọlángidi kan sẹ́yìn kí ó má ba à dé ìdí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Kí ni o ń sè? Ṣé àmàlà ni? Ta ni ó fẹ́ jẹ ẹ́?” Ọwọ́ ọmọ náà dúró. Ó gbójú sókè bí ọmọ tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè dìde ní kíláàsì, ó ní, “Àmàlà ni, mà.” Ó gbé ìkòkò náà tì, kò sì tún fọwọ́ kàn án títí àkókò fi pé. Alábòójútó dá àwòrán náà dúró níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn ní kí a padà wo ọwọ́ ọmọ náà, ṣáájú ìbéèrè àti lẹ́yìn rẹ̀.

Bóyá àmàlà ni ọmọ náà ń rò, bóyá kì í ṣe àmàlà, kò sẹ́ni tí ó mọ̀ mọ́, nítorí pé àgbà ti fi orúkọ sí i, ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò sì ní í já àgbà ní koro. Ohun tí a kọ́ wa láti sọ níbẹ̀ ni ohun tí a rí, láìfi orúkọ kún un: “O ń ro ó, o tún ń bu sí i.” “O gbé èyí jìnnà síbẹ̀.” Bí ojú ọmọ bá fi hàn pé ẹ̀rù wà, a lè ní, “Ó dà bí ẹni pé àyà rẹ ń já pé kí ó má sún mọ́ ọn.” Bí ó bá jẹ́ pé a ṣì í, ọmọ yóò tún un ṣe fún wa, bí a kò bá ṣì í, yóò máa bá eré rẹ̀ lọ, èyí tí í ṣe àmì pé ó gbọ́ wa.

Kò sẹ́ni tí ó yẹ kí ó dá nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́bi. Láàárín wa, ìbéèrè ni àgbà fi ń fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ: ṣé o ti jẹun, ta ni ó lù ọ́, kí ló dé tí ojú rẹ fi rẹ̀wẹ̀sì? Ọmọ tí a kò bi léèrè nǹkan kan ni ọmọ tí a kò kà sí. Ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú, ìbéèrè ni irin iṣẹ́ wa. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí oníṣẹ́ ìlera ọpọlọ tí ó ti ń gba ìtàn àìsàn lẹ́nu ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sórí ẹní fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láìbéèrè ohunkóhun, ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí ó má ṣiṣẹ́ ni. Mo rí àwọn tí ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nítorí èyí nìkan.

Oríyìn tẹ̀lé e. “O káre” bọ́ lẹ́nu wa láìrò ó tẹ́lẹ̀, ó sì dára nínú ilé. Ṣùgbọ́n nínú yàrá eré, ọmọ tí a bá yìn nítorí pé ó ya àwòrán tí ó lẹ́wà yóò mọ̀ pé ohun tí ó lẹ́wà ni a fẹ́, kò sì ní í ya èyí tí ó burú tí ó ń lé e lójú oorun. Ìgbìyànjú rẹ̀ ni a ń sọ: “O ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ́, o sì parí rẹ̀ bí o ṣe fẹ́.” Bí ó bá bi wá pé àwọ̀ wo ni kí òun fi kun ọ̀run, a ó dá a padà fún un pé òun ni yóò yàn án. Àwọn ọmọ kan máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé àgbà sọ ọ́ tinútinú.

Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù jù ni pé ọmọ tí a bá fi sílẹ̀ báyìí yóò yàyàkuyà. Ìtọ́jú yìí ní ààlà, ààlà náà kò sì ṣeé ré kọjá: a kì í pa ara ẹni lára, a kì í pa olùtọ́jú lára, a kì í mọ̀ọ́mọ̀ ba yàrá jẹ́, bí àkókò bá sì ti pé, ó ti pé. Garry Landreth, tí ó dá ibùdó ìtọ́jú nípasẹ̀ eré sílẹ̀ ní Yunifásítì North Texas, ni ó ṣètò bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ìpele mẹ́ta tí a fi ń kọ́ni títí di òní. Ká ní ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ gbé igi sókè láti fi lu olùtọ́jú. A kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀: “Mo rí i pé inú ń bí ọ sí mi gan-an.” A sọ ààlà: “Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni a ń fi igi lù.” A sì fi ibòmíràn hàn án: “O lè fi lu ìrọ̀rí ńlá yẹn.” Ohùn kò gbọdọ̀ le, kò gbọdọ̀ mì. Kò sí “ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?” nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a fi ara wa ṣe ọmọ nínú ẹ̀kọ́, tí ẹnì kan yóò gbé igi sókè tí ẹnì kejì yóò sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, títí yóò fi bọ́ sí ẹnu. Nípa ìkíni, ọmọ ṣì ń kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó wọlé, ó sì ń fi “ẹ” bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ohun ìṣeré, oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà: èyí tí ó jọ ohun inú ilé àti ti ìgbésí ayé, èyí tí ọmọ lè fi tú ìbínú jáde, àti èyí tí ó lè fi dá nǹkan sílẹ̀, bí amọ̀, ọ̀dà àti yanrìn. Àkójọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kún fún ohun tí ọmọ Ìbàdàn kò bá pàdé rí. Odó kékeré àti ọmọ odó, ìgbálẹ̀, ọmọlángidi tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tiwa, ọ̀kadà, dáńfó, abẹ́rẹ́ oníke àti aṣọ kékeré tí a lè fi pọn ọmọ ni mo fi rọ́pò wọn. Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tí ó ń bẹ̀rẹ̀: ẹ má ṣe mú ère ìbejì sínú àpótí ohun ìṣeré nítorí pé ó lẹ́wà. Kì í ṣe ohun ìṣeré, ìdílé tí ó mọ ohun tí ó dúró fún kò sì ní í fojú rere wò ó.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Association for Play Therapy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, ń béèrè wákàtí 150 ẹ̀kọ́ àti wákàtí 350 iṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gba oyè kejì tí ó sì ti ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìlera ọpọlọ, kí ó tó lè jẹ́ olùtọ́jú tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí British Association of Play Therapists ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ lọ gba ìtọ́jú ọkàn fún ara rẹ̀, nítorí pé ohun tí ọmọ yóò fi eré sọ lè kan egbò tí ó wà lára àgbà. Ẹ fi èyí wé ìwé ẹ̀rí tí àwọn kan ń tà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ kúkúrú dára láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wu ènìyàn, kò sì burú fún olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ fi kún ìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí alábòójútó tí ó wo iṣẹ́ rẹ̀ rí kò tíì gba ẹ̀kọ́ yìí, ohun yòówù tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè wí.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fiyè sí ẹ̀ka kan tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Bernard àti Louise Guerney bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òbí fúnra wọn ní ọ̀nà yìí, kí wọ́n lè máa ṣe é pẹ̀lú ọmọ wọn nílé. Nígbà tí Sue Bratton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 93 jọ ní ọdún 2005, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ó gba ìtọ́jú nípasẹ̀ eré sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ, ó sì tún hàn pé àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù níbi tí ó ti jẹ́ pé òbí tí a kọ́ ni ó ṣe é. Fún ìlú tí oníṣẹ́ ìlera ọpọlọ ọmọdé kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè kọ́ ọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, lórí ẹní kan náà, pẹ̀lú àwọn ohun ìṣeré díẹ̀ tí a kì í mú jáde ní àkókò mìíràn.

Òfin kò dí wa lọ́nà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré, wọ́n sì bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, nítorí náà a kò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni alábòójútó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń wo fídíò wa kò gbọ́ Yorùbá, a sì ní láti túmọ̀ ohun tí ọmọ sọ fún wọn, orin tí ó ń kọ lábẹ́lẹ̀ sì wà nínú ohun tí ó ń sọnù. Nítorí náà, àwa díẹ̀ tí a ti gba ẹ̀kọ́ yìí ti fẹnu kò pé a ó máa pàdé lóṣooṣù láti wo iṣẹ́ ara wa ní èdè tí ọmọ fi ṣe é, tí a ó sì tọ́jú àwọn fídíò náà sábẹ́ àṣẹ òbí, láìsí orúkọ ọmọ nínú ìwé kankan. Ẹni tí ó bá ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ ní àgbègbè yìí, tí ó sì ti ṣe tán láti jẹ́ kí ẹlòmíràn wo ọwọ́ òun lẹ́nu iṣẹ́, àyè wà fún un láàárín wa.