F mẹ́jọ níwájú nọ́ńbà

Ọjọ́ méjì gbáko ni ioctl (function tí program fi ń pàṣẹ nípa ẹ̀rọ bíi terminal fún kernel, ìyẹn ọkàn Linux) fi ojú mi rí màbo, mo ní kí n kọ ọ́ síbí kó tó kúrò lórí mi.

Mo kọ library kékeré kan tí mo ń fi LD_PRELOAD (ọ̀nà tí library ẹni fi ń wọlé ṣáájú àwọn yòókù) kó sáàárín program àti glibc, library C tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa wo gbogbo ioctl tó ń kọjá lọ, tó bá ti rí TIOCGPTN kó kọ ọ́ sínú log. TIOCGPTN yìí la fi ń bèèrè nọ́ńbà pseudo-terminal (terminal àfarawé) lọ́wọ́ kernel, 0x80045430 ni iye ẹ̀. Mo fi program tèmi dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Mo gbé e fún program ẹlòmíì, log ò sọ nǹkan kan. Mo ṣí strace, tó ń fi gbogbo ohun tí program ń bèèrè lọ́wọ́ kernel hàn, strace ní TIOCGPTN wà níbẹ̀ gan-an, ó lọ ó bọ̀ láìsí error kankan. Mo ní àbí LD_PRELOAD ò wọlé ni, mo tún un kọ, mo tún un kọ́mpáìlì, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo ní kí printf kàn máa tẹ gbogbo request (nọ́ńbà àṣẹ ioctl) tó bá dé jáde ní hex. Ohun tí mo rí rè é:

0xffffffff80045430

Haa! Àṣé inú int (bit 32, ó lè ní àmì òdì) lẹni tó kọ program yẹn tọ́jú nọ́ńbà ọ̀hún sí. Int ò sì lè gbà ju 2147483647 lọ, 2147767344 ni TIOCGPTN, ló bá di -2147199952. Glibc ní tiẹ̀, unsigned long (bit 64, kò ní àmì òdì) ló pe request, torí náà bí int yẹn ṣe ń wọlé ni compiler nà án di bit 64, ó fa àmì òdì yẹn lọ dókè, gbogbo bit òkè wá di 1. Tó bá dé ọ̀dọ̀ kernel, kernel ní unsigned int (bit 32, kò ní àmì òdì) lòun mọ̀, á gé bit 32 òkè dànù, nọ́ńbà á padà sí bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó máa fura. Èmi tí mo dúró sáàárín nìkan ni `==` mi ń sọ pé wọn ò jọra.

Ẹ lọ wo musl o, library C mìíràn, int ni tiwọn, bí POSIX, ìwé ìlànà gbogbo wa, ṣe kọ ọ́. Function kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta! Ta ni kí n wá bá jà?

Ìlà kan ni mo fi yanjú ẹ̀, èmi náà gé bit òkè dànù:

uint32_t cmd = (uint32_t)request;

Tèmi tiẹ̀ dáa, log lásán ni. Ní 2019, irú ẹ̀ yìí náà ló ṣẹlẹ̀ sí snapd àti Flatpak, àwọn tó ń fi app sínú àpótí ààbò. Wọ́n ń fi seccomp (filter inú kernel tó ń yẹ ìbéèrè program wò) dí program lọ́nà kó má lè lo TIOCSTI, 0x5412, torí TIOCSTI lè ti lẹ́tà sínú terminal bíi pé ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Bit 64 ni seccomp ń rí, bit 64 náà ni filter wọn sì ń fi wé. Ẹni tó bá wá fi 0x100005412 ránṣẹ́, filter á ní òun ò mọ eléyìí rí, kó máa lọ, kernel á gé 1 iwájú yẹn dànù, kí ló kù? 0x5412. Nínú àkójọ CVE tí wọ́n ń kọ àbùkù ààbò sí, CVE-2019-7303 ni ti snapd, CVE-2019-10063 ni ti Flatpak, mask 0xffffffff, tó ń fi bit 32 ìsàlẹ̀ nìkan sílẹ̀, ló sì wo ó sàn.

Kì í ṣe ioctl nìkan o. nfds (iye file) tí poll ń gbà, unsigned long ni nínú glibc, unsigned int ni nínú kernel. iovcnt (iye buffer) ti readv wá yí i padà, int lókè, unsigned long nísàlẹ̀. Ìyẹn ò tíì kàn mí ṣá.

Mo ti wá fi grep wá `int cmd` káàkiri kóòdù tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rí méjì, èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ̀kan.