Ọ̀gìnnìtìn lábúlé fún tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì

Ọ̀rọ̀ igi ìdáná la ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ni àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe mọ́ bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi inú rẹ̀ lè tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Èyí tó máa wọ inú sítóòfù onígi kò gbọdọ̀ ní omi ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Kó tó gbẹ débẹ̀, á gbà tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, igi líle sì lè gbà tó ọdún méjì. Igi òtútù ọdún yìí, èṣí ló ti yẹ kó wà nílẹ̀. Ẹ là á kó má fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ẹ tò ó sórí pákó kó má fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì bo orí rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fi ọ̀rá wé e yí ká ti sé omi mọ́ ọn nínú nìyẹn.

Láti mọ èyí tó gbẹ, ẹ mú méjì kí ẹ gbá wọn mọ́ra. Igi gbígbẹ á dún ko, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ojú ibi tí wọ́n ti gé e á sì ti sán bíi gìgísẹ̀. Èyí tó tutù á dún bùù. Igi tútù kì í jó, omi inú ara rẹ̀ ló ń sè, ooru tó yẹ kó wá bá yín ló sì ń fi sè é. Èéfín rẹ̀ kì í gbóná tó. Bó bá dé inú páìpù èéfín tó tutù, á lẹ̀ mọ́ ọn, á dì bí ọ̀dà. Ọ̀dà yìí ló máa ń gbiná lójijì lókè àjà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbá páìpù yẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òtútù tó dé. Ẹ má gun òrùlé fúnra yín o. Ọjọ́ orí yẹn ti kọjá.

Eérú náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú kékeré wò. Ẹyin iná lè sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìkú. Garawa onírin tó ní ọmọrí ni kí ẹ kó o sí, kó wà níta, jìnnà sí ara ilé, kì í ṣe lórí pákó ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ sítóòfù, kí iná àárọ̀ lè tètè ràn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ìgbà òtútù, kíkó yìnyín ni mo bẹ̀rù jù fún ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Òtútù á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹ̀jẹ̀ á ru, lásìkò kan náà tí èèyàn ń há èémí mọ́ra láti gbé ṣọ́bìrì. Yìnyín tó rọ̀ bí òwú fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ti mumi, ẹ̀kún ṣọ́bìrì kan lè tó kílò 7 sí 10. Ẹni tó bá gbé mẹ́wàá níṣẹ̀ẹ́jú kan, bí ìṣẹ́jú 10 bá fi pé, ohun tó gbé ti ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan.

Ẹ má jáde bí ẹ ṣe jí gẹ́lẹ́, ẹ má sì jáde lórí àjẹyó. Ẹ rìn yí inú ilé ká fún ìṣẹ́jú 5 kí ara lè gbóná. Títì ni kí ẹ máa ti yìnyín. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e, kó jẹ́ ìdajì ṣọ́bìrì, kí ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ má lọ́ ẹ̀yìn. Bí ìṣẹ́jú 10 bá pé, ẹ wọlé sinmi. Ẹ má dúró kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ jáde sí i. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí ẹ to igi ìdáná sí àti ojú títì ti tó. Ẹnikẹ́ni ò ní wá wọn àgbàlá yín wò. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà lójú fèrèsé. Bí àyà bá ń fún yín, tí irora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ́, ẹ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Kò sí "ẹ jẹ́ n parí díẹ̀ tó kù yìí."

Ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ kó yìnyín kúrò ni ẹnu páìpù tí ẹ̀rọ amúlégbóná fi ń tu èéfín síta lára ògiri. Bó bá dí, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, ìyẹn gáàsì olóró inú èéfín, á padà sínú ilé, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, àwọn kan á sì rò pé àárẹ̀ lásán ni. Bó bá mú ẹ̀yin méjèèjì ní wákàtí kan náà, tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá jáde, ẹ kúrò nínú ilé ná, ìpè tẹ̀ lé e. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 6 sílé. Ẹ má tàn án nínú gáráàjì, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀.

Ara àgbà lè tutù ju bó ti yẹ láìgbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí yàrá lọ sílẹ̀ ju 18°C lọ. Bí ẹnì kejì kò bá lè de bọ́tìnì mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ wọn ara rẹ̀: bó bá ti wà nísàlẹ̀ 35°C, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò, àyà àti ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé, ẹ fún un ní tíì aládùn bó bá mọ ara rẹ̀, ẹ má fún un ní ọtí. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà nílé. Ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, tó bá ti dì, ẹ dà á nù, bó tilẹ̀ yọ́ padà.

Kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì kí ooru lè dé ara páìpù, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa kán tó, tó, tó. Bí ẹ bá jí lóru tí ẹ ò gbọ́ ọ mọ́, omi ti dì nínú páìpù nìyẹn. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ìyẹn ló ń bẹ́ páìpù, àmọ́ ìgbà tó bá yọ́ lẹ ó tó rí i. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ti táàpù ńlá tó ń mú omi wọlé, ẹ ṣí táàpù sílẹ̀, kí ẹ wá máa fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ páìpù láti ẹnu táàpù lọ sẹ́yìn. Ẹ má tan iná sí i o.