Fíríìjì Màmá Wa

Ọpẹ́ ni fún Olúwa! Lánàá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé fíríìjì màmá wa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. A ti kó inú rẹ̀ jáde, a sì fi okùn de ilẹ̀kùn rẹ̀ pinpin. Ẹ̀gbọ́n gba ìsàlẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fíríìjì tutù, wà, torí ibẹ̀ ló wúwo jù.

Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, ọwọ́ mi tó ti làágùn yọ̀. Àyà mi já! "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!" Wọ́n fi èjìká gbà á, ó ha ògiri, ọ̀dà bó. A gbé e kalẹ̀, mo fi ìborùn màmá nu ọwọ́.

Màmá fẹ́ tàn án lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kó sinmi ná, kí ọ́ìlì inú rẹ̀ padà sáyè. Alẹ́ la tó gbọ́ tó ń kùn.